Bí Aṣàyẹ̀wò PIP Bá Béèrè Bí Ara Ṣe Rí

“Báwo lẹ ṣe wà lónìí?” Bí ìpè àyẹ̀wò PIP ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: “A dúpẹ́ o, dáadáa ni.” Irọ́ kọ́ ló pa. Wọ́n kí i, òun náà sì dáhùn ìkíni bó ṣe yẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò fojú ba oorun lóru àná, á kọ́kọ́ dúpẹ́ kí ó tó sọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tó kí i náà á sì dúró gbọ́ ìyókù. Aṣàyẹ̀wò kò mọ̀ pé ìyókù ń bọ̀. Ohun tó gbọ́ ló ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò sì rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ fi àyè mi lónìí sọ̀rọ̀ lórí èdè tí a fi ń dáhùn ìpè yìí, nítorí àwọn ará wa ní Royal Arsenal Riverside, ní Plumstead, ní Abbey Wood àti Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Yorùbá mọ ìrora, ó mọ àárẹ̀, ó mọ oríṣiríṣi ìrànlọ́wọ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lò ó lọ. Èdè ìkíni là ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀rí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, PIP (Personal Independence Payment) ni owó tí ìjọba Britain ń san fún ẹni tí àìsàn tàbí àìpé ara mú kí ìgbé ayé ojoojúmọ́ tàbí ìrìn nira fún, tí kò sì tíì dé ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì nígbà tó kọ́kọ́ béèrè. Ọdún 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò DLA (Disability Living Allowance) fún àwọn àgbàlagbà. Wọn kì í wo owó tó ń wọlé fúnni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gbà á, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìtìjú ọ̀lẹ dá ara rẹ̀ dúró. (Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá ní kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, kí ó gba ìmọ̀ràn kí ó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.) Iṣẹ́ ojoojúmọ́ 10 ni wọ́n ń wò: oúnjẹ sísè, oúnjẹ jíjẹ, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan 2 sì wà lórí ìrìn. Ẹni tó bá ní máàkì 8 ní apá kan yóò gba owó apá náà, ẹni tó bá ní 12 yóò gba èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí Kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n dá àyẹ̀wò ojúkojú dúró. Láti ìgbà náà ni fóònù ti di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń fa wàhálà ńlá: “bá”. “Ọmọ mi máa ń bá mi se oúnjẹ.” Kí ni ìyá yìí sọ? Ó lè jẹ́ pé òun àti ọmọ jọ ń sè é ni. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ló ń dá a sè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ìyá jókòó sórí àga ní pálọ̀. Ẹni tó mọ ìdílé náà mọ èyí tó jẹ́. Ògbufọ̀ orí fóònù tí kò rí wọn rí yóò mú ọ̀kan nínú méjèèjì, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kò kéré. Ẹni tó nílò kí wọ́n máa rán òun létí nìkan kí ó tó lè se oúnjẹ gba máàkì 2. Ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́, tàbí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, gba 4. Ẹni tí kò lè sè é rárá gba 8.

Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ya ìpele wọ̀nyí sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. “Ó máa ń rán mi létí”: mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n mo ń gbàgbé, tàbí ọkàn mi kò gbé e. “Ó máa ń ṣọ́ mi”: ọwọ́ mi ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní láti dúró tì mí kí n má baà ṣubú tàbí kí iná má baà jó mi. “Ó máa ń ràn mí lọ́wọ́”: èyí ṣì fẹ̀ jù, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gan-an. Òun ló ń bó iṣu, òun ló ń gbé ìkòkò sọ̀, òun ló ń da omi gbígbóná. “Òun ló ń sè é fún mi”: èmi kò sè é rárá. Bí “bá” bá ti jáde lẹ́nu yín, ẹ má ṣe dá a padà, ẹ kàn fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà tì í lẹ́yìn. “Ìyàwó mi máa ń bá mi wẹ̀, òun ló ń wẹ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn fún mi, mi ò lè tẹ̀ débẹ̀.” Gbólóhùn yìí kò ṣeé tú sódì.

Àwọn ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ wa náà ní tiwọn. Àgbà kì í fẹ́ máa pe “èmi, èmi” kiri, “a” ló ń lò fún ilé rẹ̀. “A máa ń lọ sọ́jà ní Sátidé.” Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń lọ sí ọjà Beresford Square ní Woolwich, bàbá kò jáde kúrò nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìjábọ̀ aṣàyẹ̀wò yóò sọ pé ó ń lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bákan náà ni “wọ́n”. Ìyàwó tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ níbi ìpè á sọ pé, “Wọn ò lè dìde láìgbá nǹkan mú.” Ọ̀wọ̀ ló fi fún ọkọ. Ògbufọ̀ tí kò fetí sílẹ̀ á máa wá àwọn ènìyàn púpọ̀. Ẹ fi orúkọ sí i: “Ọkọ mi, bàbá Kúnlé, wọn ò lè dìde.” Ọ̀wọ̀ kò dín kù, ọ̀rọ̀ sì yéni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá”, nítorí ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá ń kó sí i. Aṣàyẹ̀wò béèrè pé, “Ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni láti wọṣọ fún yín, àbí?” Ní Yorùbá, ẹni tó nílò ènìyàn á ní “Rárá o,” ìyẹn ni pé ohun tí ẹ sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò nílò ènìyàn ló ń sọ pé “Bẹ́ẹ̀ ni.” Gẹ̀ẹ́sì yí i padà: “No” wọn túmọ̀ sí pé mi ò nílò. Ìyá tó fi ọgbọ́n Yorùbá dáhùn ní gẹ̀ẹ́sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò nílò ìrànlọ́wọ́, kò sì mọ̀ títí lẹ́tà ìpinnu fi dé. Oògùn rẹ̀ ni kí a má dá “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” sílẹ̀ láìfi gbólóhùn tì í. “Mo nílò ènìyàn. Ọmọ mi ló ń de bọ́tìnnì fún mi.”

“Lè” ńkọ́? “Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn ilé yín?” “Mo lè gùn ún.” Ní ẹnu wa, “lè” kì í sọ iye ìgbà, kì í sì í sọ ohun tó náni. Ẹni tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí lífítì bàjẹ́, tó sì sùn sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kò purọ́ bó bá ní òun lè gùn ún. Ṣùgbọ́n òfin PIP béèrè ohun mẹ́rin kí wọ́n tó gbà pé ẹnì kan lè ṣe nǹkan: kí ó ṣe é láìséwu, kí ó ṣe é dáadáa tó bó ṣe yẹ, kí ó lè tún un ṣe nígbàkigbà tó bá yẹ, kí àkókò tí yóò gbà má sì ju ìlọ́po méjì èyí tí ẹni tí ara rẹ̀ pé ń lò. Ibi tí “máa ń” àti “bí mo bá” ti wúlò nìyí. “Bí mo bá gùn ún, mo máa ń sinmi ní ìdajì, mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, mi ò sì ní lè tún un gùn lọ́jọ́ náà.” Ẹ tún ṣọ́ra fún “mò ń gbìyànjú” àti “mò ń rọ́jú”. Yorùbá gbọ́ ìjìyà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìgbìyànjú ni wọ́n máa gbọ́.

Lórí ìrìn, “kò jìnnà” àti “mò ń rìn díẹ̀díẹ̀” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí mítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò lè rìn kọjá mítà 20 gba máàkì 12. Bí ẹ bá to 2 nínú àwọn bọ́ọ̀sì pupa alájà ti London tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn ti ju mítà 20 lọ díẹ̀. Ẹni tó lè kọjá 20 ṣùgbọ́n tí kò lè kọjá 50 gba 8, tàbí 10 bó bá ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ẹni tó lè rìn kọjá 50 ṣùgbọ́n tí kò lè kọjá 200 gba 4. Ẹ fi ibi tí ẹ mọ̀ wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tí ibùdókọ̀ Elizabeth line ti ṣí nínú Royal Arsenal ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá jáde ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ẹ fẹ́ sọdá Plumstead Road sí ọjà, ibo lẹ ti kọ́kọ́ dúró? Kí ni ẹ gbá mú? Ṣé ẹ̀ ń tiro ni, àbí ẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀? Ṣé òòyì ń kọ́ yín? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ ojú fún ẹni tí kò rí yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrora. “Ó ń dùn mí” dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ríro yàtọ̀ sí gígún, gígún yàtọ̀ sí títa, títa yàtọ̀ sí jíjó. Orúnkún tó ń ro ni kò jẹ́ kí a dúró pẹ́ ní ìdí síìnkì. Ẹ̀yìn tó ń gúnni ni kò jẹ́ kí a tẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọwọ́ tó kú ni kò mọ̀ pé ìkòkò gbóná. Ẹ so ìrora mọ́ iṣẹ́ tó ń dí lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ń fún ní máàkì, wọn kì í fún orúkọ àìsàn.

Lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìtìjú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. “Mi ò lè dá lọ ẹ̀yìn ilé lóru” jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ pé ẹni náà kì í jáde sẹ́yìn ilé lálẹ́. Ẹ sọ pé ẹ kò lè dá lọ tọ̀, tàbí pé ìtọ̀ máa ń já mọ́ yín lára kí ẹ tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ọmọ kékeré máa ṣe ògbufọ̀ fún òbí. Ojú á ti ọmọ, ojú á ti òbí, àwọn méjèèjì á sì fò ó. A lè béèrè ògbufọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìpè, a lè ní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a sì lè béèrè pé kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀.

Àìsàn kan wà tí Yorùbá fi orúkọ rẹ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀: fòníkú-fọ̀la-dìde (sickle cell). Ẹni tó ní i mọ̀ pé ọjọ́ kan kò jọ ọjọ́ kejì. Òfin PIP náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bó ṣe ń rí ní èyí tó ju ìdajì àwọn ọjọ́ inú oṣù 12 lọ. Bí ìpè bá wá bọ́ sí ọjọ́ àjíǹde, tí ara yá, “ara mi yá lónìí” nìkan yóò gbé ọjọ́ tó dára bo àwọn tó burú. “Lónìí ara mi yá díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mi ò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì,” bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ti ìgbàgbọ́ kù. “Mo ti gba ìwòsàn mi.” “Àìsàn yìí kì í ṣe tèmi.” Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà rẹ̀. Ọlọ́run ni ó ń bá sọ ọ́, Ọlọ́run sì gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣàyẹ̀wò tó wà lórí fóònù kò gbọ́ àdúrà nínú rẹ̀, “ara rẹ̀ ti yá” ni yóò kọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ dúró de ìgbà tí ìpè bá parí.

Bí lẹ́tà bá wá dé, tí máàkì kò pé, ẹ pe DWP (Department for Work and Pensions), iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san PIP, kí wọ́n fi ẹ̀dà ìjábọ̀ aṣàyẹ̀wò ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kà á pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀ ń dáná, ẹ wò ó bóyá “bá” ló fà á. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀ ń lọ sọ́jà, ẹ wò ó bóyá “a” ni. Oṣù 1 láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni ẹ ní láti ní kí wọ́n tún ìpinnu náà wò. Bí wọn kò bá yí i padà, tíríbúnà wà tí ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ. Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ sọ ní Yorùbá, ẹ kọ bí wọ́n ṣe tú u, kí ẹ sì kọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an nínú ilé yín, àti bó ṣe ń ṣe é.