Ìlà Ara Bóòtù Kẹ̀kẹ́

Bí a bá mú bóòtù kan lára kẹ̀kẹ́, tí a sì wò ó dáradára, a ó rí i pé ìlà wẹ́wẹ́ kan lọ́ mọ́ ọn lára, gẹ́gẹ́ bí ìtàkùn ti í lọ́ mọ́ igi. Inú nọ́ọ̀tì pẹ̀lú ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu, ìka ọwọ́ lásán tó láti yí wọn wọnú ara wọn. Bí wọn kò bá bára mu, agbára kò ràn án.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ní ń fín ìlà tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Joseph Whitworth ni ó kó bóòtù jọ láti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, tí ó wọ̀n wọ́n, tí ó sì gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún gbogbo wọn ní ọdún 1841. Ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ jin jù fún páìpù kẹ̀kẹ́ tí ó fẹ́lẹ́. Àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ sì wá ìlà wẹ́wẹ́ tiwọn lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán. Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá. Ìlà 24 nínú íǹṣì kan ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní níbẹ̀, ṣùgbọ́n Raleigh ti ìlú Nottingham, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa gùn, fi ìlà 26 sí tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fífẹ̀ ihò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú kò sì lè tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá fi irin èkínní sínú ihò èkejì, yóò yí díẹ̀, inú ẹni yóò dùn, lẹ́yìn náà ni yóò há. Ẹni tí ó bá fi sípánà fipá mú un, férémù ni ó bàjẹ́. Kí ni ó sì kù nínú kẹ̀kẹ́ tí férémù rẹ̀ bàjẹ́?

Ní ìgbà èwe mi, mo fẹ́ tú pẹ́dà òsì kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Mo yí sípánà sí òsì, bí a ti í tú bóòtù gbogbo, kò mì. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà, ó túbọ̀ ń le sí i. Bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò wa gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i sí ọ̀tún, pẹ́dà sì tú wẹ́rẹ́. Ìlà pẹ́dà òsì kò lọ́ bí ti ọ̀tún. Bí a ti ń wa kẹ̀kẹ́, ìwúwo ẹsẹ̀ wa ń ti ìdí pẹ́dà yí díẹ̀díẹ̀. Bí ìlà méjèèjì bá lọ́ sí ọ̀nà kan náà, ti òsì yóò tú dànù lójú ọ̀nà.

Bàbá náà so àwọn nọ́ọ̀tì kan kọ́ sára ògiri ìsọ̀ rẹ̀, oríṣi ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn tirẹ̀. Bí a bá mú bóòtù wá, ara wọn ni ó ti kọ́kọ́ ń fi ìka dán an wò, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà.