Kafáálà Ọmọ Òrukàn àti Kafáálà Ọmọ Ọ̀dọ̀



Ọ̀rọ̀ náà kafáálà kò ṣàjèjì sí yín. Òun ni àwọn aafa wa máa ń lò fún gbígba ẹrù ọmọ òrukàn rù: kí ènìyàn dúró fún un, kí ó bọ́ ọ, kí ó sì ṣọ́ dúkìá rẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe ìlérí pé òun àti ẹni tó bá ṣe é yóò súnmọ́ra ní Àlùjánńà bí ìka méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ètò tí wọ́n fi ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ láti òkèèrè ní Lẹ́bánónì àti ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn. Ìyá ọmọ òrukàn wà lára àwọn obìnrin wa tó ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀.

Bí ètò náà ṣe rí ní Lẹ́bánónì nìyí. Ọ̀gá tó gba obìnrin náà ni kafíìlì rẹ̀, ìyẹn onídùúró. Ìwé tó fi ń gbé ìlú so mọ́ ọ̀gá yìí. Bí ó bá kúrò nílé láìgbàṣẹ, kódà bí wọ́n bá ń lù ú, ó lè di arúfin lójú ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì ń gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Òfin òṣìṣẹ́ ti ọdún 1946, abala keje, yọ ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò lára àwọn tó ń dáàbò bò. Lóòótọ́, àwọn ọ̀gá tó bẹ̀rù Ọlọ́hun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó jẹ́ pé inú rere ọ̀gá nìkan ló gbé e dúró, ẹ̀tọ́ kọ́ nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán páásípọ́ọ̀tù obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook, ó ní òun ń tà á ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Àwọn agbófinró mú un. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí owó Lẹ́bánónì ti wó lulẹ̀, àwọn ọ̀gá kan já ọmọ ọ̀dọ̀ wọn tó wá láti Etiópíà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn ní Beirut, láìsan owó iṣẹ́ wọn.

Nínú hádíìsì kan tí Bukhari gbà wá, Ọlọ́hun dárúkọ ẹni mẹ́ta tí Òun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámà. Ẹni tó ta ẹni tí kì í ṣe ẹrú, tó sì jẹ owó rẹ̀, wà níbẹ̀. Ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, tí kò san owó rẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé hádíìsì náà kò bèèrè ẹ̀sìn òṣìṣẹ́, kò sì bèèrè ìlú rẹ̀. (Ẹni tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ láti Kútọnu nílé, kí ó tún un kà.)

Kí ni àwa lè ṣe? Ìwé àdéhùn tí ìjọba Lẹ́bánónì gbé jáde ní 2009, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìsinmi wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ́sẹ̀ wà nínú rẹ̀. Obìnrin tí kò gbọ́ Lárúbáwá yóò tẹ̀ka sí i láìmọ̀ pé ìsinmi tó ń tọrọ bí ẹni ń ṣagbe ti wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ àdúgbò wa kún fún ilé-kéwú. Nínú Súrà Bákárà, àáyá 282, Ọlọ́hun pàṣẹ kí á kọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé má sì kọ̀ láti kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ti kọ́ ọ. Lójú tiwa, aafa tó mọ Lárúbáwá kò gbọdọ̀ kọ̀ láti ka irú ìwé yìí fún opó. Kí ó kà á kó tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì di ọ̀hún kí wọ́n tó gbé ìwé náà wá, kí ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.

Sàká náà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àáyá 60 nínú Súrà Táúbà ka ọmọ ojú ọ̀nà àti onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó há sílẹ̀ òkèèrè tí kò rí owó ọkọ̀ wálé, ọmọ ojú ọ̀nà ni, ì báà ní ilé nílé. A máa ń gbàgbé ìpín yìí nígbà tí a bá ń pín sàká, bí ẹni pé ayé ọjọ́un nìkan ni arìnrìn-àjò ń há.

Kí obìnrin kankan tó san owó fún ajẹ́ńtì, kí ó bèèrè ìwé àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún un. Bí ẹ bá fura, NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 ni kí ẹ fi tó létí.

Kí ó tó gbéra, kí ó fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù, orúkọ ajẹ́ńtì àti àdírẹ́sì ọ̀gá sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ. Kí wọ́n dá ọjọ́ tí yóò máa pè. Bí ọjọ́ náà bá kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìgbóhùn rẹ̀, kí ẹni tó wà nílé tètè wá sọ fún ìgbìmọ̀ sàká, kó má dúró de oṣù tí owó yóò já.