Ètò Àmì Jíà Nínú Ọkọ̀ Ọ́tómátíìkì: Àgbéyẹ̀wò Láti Ojú Ìmọ̀ Àmì

Ìfáàrà
Ibi tí Yorùbá gbé ààlè sí wà lára ohun tí ààlè náà ń sọ. Bí a bá gbé e kúrò lórí igi ìdáná tí ó ń ṣọ́, ìkìlọ̀ rẹ̀ dópin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà jíà ọkọ̀ ọ́tómátíìkì rí: P dúró fún ìgbọ́kọ̀sí, R fún rìfáàsì, N fún jíà tí kò wa ọkọ̀ síbì kankan, D fún ìrìn síwájú, L fún jíà kékeré. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ipò lẹ́tà náà ṣe pàtàkì bí lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ ni awakọ̀ sábà fi ń kà á.

Ètò tí kò bára mu
Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà ló ń lo ètò P-N-D-L-R. L àti R wá di aládùúgbò. Awakọ̀ tí ó ń wá jíà kékeré lè fa ọ̀pá jíà kọjá ààlà, kí ọkọ̀ sì forí lé ẹ̀yìn. Chrysler ní tirẹ̀ lo bọ́tìnnì dípò ọ̀pá láti orí ọkọ̀ ọdún 1956 títí dé ti 1964. Ralph Nader bu ẹnu àtẹ́ lu ètò P-N-D-L-R nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1965. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí N wà láàrin R àti jíà ìrìn síwájú.

Ipò tí ó pòórá
Ọ̀pá jíà àtijọ́ máa ń dúró síbi tí ọwọ́ bá fi í sí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ kan tí Fiat Chrysler ṣe ní nǹkan bí ọdún 2012 sí 2015, àárín ni ọ̀pá náà ń padà sí lẹ́yìn ìtì kọ̀ọ̀kan. Ojú nìkan ló lè wo iná lẹ́tà láti mọ jíà tí ọkọ̀ wà. Àwọn awakọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rò pé P ni àwọn fi í sí, ọkọ̀ sì yí lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan padà fún àtúnṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Jeep Grand Cherokee, yí lu òṣèré Anton Yelchin, ó sì pa á.

Ìkádìí
Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní àrokò lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Kò tó kí ẹni tí ó ṣe àmì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: ṣé ojú ni olùgbà yóò fi kà á ni, àbí ọwọ́? Àmì tí olùgbà kò rí kà lásìkò tí ó nílò rẹ̀ kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.