Orúkọ Kan, Káàdì Méjì

Nínú lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ nípa káàdì gíráfíìsì tí ó rà fún àbúrò rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí kò ṣeé gbójú fò, èyíinì ni ohun tí òǹtajà sọ fún un pé, "GT 1030 kan náà ni gbogbo wọn, kò sí ìyàtọ̀." Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀.

Káàdì gíráfíìsì ni pátákó tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kí ó lè máa ya àwòrán géèmù sí ojú rẹ̀, ó sì ní mẹ́mórì tirẹ̀, níbi tí ohun tí ó fẹ́ yà ń wà ní ìpamọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nvidia gbé GT 1030 jáde ní 2017, mẹ́mórì gígábáìtì 2 tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní GDDR5, tí ó lè gbé gígábáìtì 48 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n ní 2018, òmíràn jáde tí ó ń jẹ́ GT 1030 bákan náà, tí mẹ́mórì rẹ̀ ṣì jẹ́ gígábáìtì 2, àmọ́ tí ó jẹ́ DDR4, tí kò lè gbé ju nǹkan bí 17 lọ. Bí ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò ṣe wù kí ó yára tó, bí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dídúró ni yóò dúró, géèmù yóò sì máa rá pálá. Kí ló dé tí wọn kò fún èkejì ní orúkọ tirẹ̀? Ìbejì pàápàá kì í jẹ́ orúkọ kan náà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2016, káàdì Nvidia mìíràn, GTX 1060 onígígábáìtì 3, tẹ̀lé ti gígábáìtì 6 jáde, ọ̀pọ̀ olùrà sì rò pé mẹ́mórì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀, láìmọ̀ pé wọ́n ti dín ẹ̀yà kéékèèké tí ń ṣe ìṣirò inú rẹ̀ kù láti 1,280 sí 1,152.

Kí òǹkàwé náà fi GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ tí ń tú àṣírí káàdì, sórí kọ̀ǹpútà náà, kí ó sì wo ibi tí wọ́n kọ "Memory Type" sí. Bí ó bá jẹ́ DDR4, kí ó gbé e padà lọ pẹ̀lú páálí àti rìsíìtì. Bí yóò bá ra òmíràn, GTX 1650 ti 2019 ń gbé gígábáìtì 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wáàtì 75 tí ihò ojú mọ́dábọ́ọ̀dù ń pèsè sì tó, láìsí wáyà iná mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe máa bẹ àbúrò rẹ̀ mọ́ nítorí káàdì yìí. Ẹni tí ó fi owó oṣù rẹ̀ wá ìdùnnú ọmọ ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì. Géèmù League of Legends ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí káàdì tí ó wà nílẹ̀ yẹn. Kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣe é títí owó yóò fi tún jọ.