Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ panápaná àti iṣẹ́ ambúláǹsì, ẹ jẹ́ n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ dé ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gidi. Ẹ máa gbọ́ igbe, ẹ máa rí ẹ̀jẹ̀, ìyá kan á di aṣọ yín mú pé kẹ́ ẹ wá wo ọmọ òun. Iṣẹ́ yín ní ìṣẹ́jú yẹn ni kẹ́ ẹ má tíì kúnlẹ̀ ti ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó jọ ìwà ìkà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ló sì tọ́.

Ọkọ̀ ambúláǹsì àkọ́kọ́ dé, èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ ò ní kúrò nídìí ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ á wà níbi tó wà, iná búlúù orí ọkọ̀ á máa tàn, torí iná yẹn ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi mọ ibi tí ọ̀gá dúró sí. Àwọn tó bá dé lẹ́yìn á pa iná tiwọn. Ẹnì kejì á gbé rédíò, á wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ipò rẹ̀ sí lẹ́yìn, á rìn yí ibẹ̀ ká, á wò, á kà, á sì ròyìn fún kọ́ńtróòlù. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tí àwọn méjèèjì bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ tí wọ́n kúnlẹ̀ ti èèyàn méjì, èèyàn méjì rí ìtọ́jú, ogójì yòókù á máa dúró de ìrànlọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè.

Ìròyìn yẹn ní ètò tirẹ̀, METHANE la sì ń pè é. Ẹ máa kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni, ẹ̀yìn náà lẹ máa sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, irú èyí tó jẹ́, ewu tó wà nílẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, iye àwọn tó fara pa àti bí ara wọn ṣe rí, àti àwọn tó ti dé pẹ̀lú àwọn tẹ́ ẹ tún ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè kà á bí orin. Èyí tí mo máa ń rí tí àwọn ọmọ máa ń sáré kọjá ni ibi gan-an àti ọ̀nà àbáwọlé, ní Thamesmead níbí sì rèé, àwọn méjèèjì ló ń da èèyàn lórí rú. Ilẹ̀ àbàtà ni ibí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí GLC, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ìgbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìkún omi 1953 ṣì wà lọ́kàn wọn, wọn ò gbà kí èèyàn máa sùn ní ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n gba ọ̀nà mọ́tò nísàlẹ̀. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì máa rí ibi tí ẹ dé ìdí ilé tí ẹ ò rí ẹnu ọ̀nà. Ẹ tún fi àwọn odò kéékèèké àti adágún kún un: ilé tẹ́ ẹ ń wò níwájú lè wà ní òdìkejì omi, kó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ padà sí Central Way kẹ́ ẹ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún kọ́ńtróòlù pé ẹ wà “ní Town Centre, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo.” Àwa tá à ń gbé níbí mọ ilé agogo yẹn, èyí tí wọ́n tú láti ọgbà ọkọ̀ ojú omi Deptford wá síbí. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbi tó jìnnà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ orúkọ òpópónà, ẹ sọ apá tí omi wà, ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ ńlá lè gbà wọlé àti ibi tó lè gbà jáde láì ní fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ tí ọkọ̀ ogún bá gba ọ̀nà kan wọlé, ambúláǹsì tó gbé ẹni tó ń kú lọ ò ní ríbi jáde.

Ó wá kan bíbéèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ ka ìtàn iná tó jó ilé gogoro Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù dáadáa, kẹ́ ẹ má kàn gbọ́ ọ lẹ́nu. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, ọdún 2017, ìpè àkọ́kọ́ wọlé ní 00:54. Ọkọ̀ mẹ́rin ni ètò ìgbà yẹn ń fi ránṣẹ́ sí ilé gogoro. Ní 01:13, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ béèrè pé kí ó di mẹ́fà. Ní 01:31, ó ti di 25. Nígbà tí wọ́n máa kéde pé ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni ní 02:06, 40 ni wọ́n ti béèrè. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n béèrè láàárín wákàtí kan, tí iná náà sì ń ṣíwájú wọn ní gbogbo ìgbà. Èèyàn 72 ló kú. Mi ò bá àwọn tó wà níbẹ̀ wí o. Mo mọ ohun tí iná tó ń gun ògiri lè ṣe sí ọpọlọ èèyàn, ògiri yẹn gan-an ni kò yẹ kó rí bó ṣe rí. Ẹ̀kọ́ tó kàn yín ni pé ohun tẹ́ ẹ rí lójú lásìkò tẹ́ ẹ dé ti di àná kí ọkọ̀ tẹ́ ẹ pè tó dé. Ẹ béèrè fún bí nǹkan ṣe máa rí ní ogún ìṣẹ́jú sí i. Tó bá pọ̀ jù, a lè dá a padà lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa bú yín.

Ẹ tún béèrè fún irú èyí tẹ́ ẹ nílò, kì í ṣe iye nìkan. Ní Grenfell, àkàbà tó gùn jù tí Lọ́ńdọ̀nù ní jẹ́ mítà 32. Surrey ni wọ́n ti yá oní-mítà 42 wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó sọ ètò ilé gogoro di ọkọ̀ márùn-ún àti àkàbà, tí wọ́n sì ra àwọn àkàbà oní-mítà 64 tó dé ní 2021. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn ilé gogoro Southmere, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidi.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Àwọn ìyá yín tó ń dá àjọ mọ ìlànà yìí ju yín lọ: owó tí ẹnì kan kó lónìí, ti gbogbo èèyàn ni, ẹni tó kù láti kó o ṣì ń wojú. Ọkọ̀ Plumstead àti ti Erith tẹ́ ẹ kó dúró síbi iná kan ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá arúgbó tí ilé ìdáná rẹ̀ máa gbiná ní wákàtí kan sí i. Lọ́ńdọ̀nù fi ṣe àfojúsùn pé, ní ìpíndọ́gba, ọkọ̀ àkọ́kọ́ á dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, èkejì láàárín mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí kọ́ńtróòlù fi máa ń kó ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá jókòó sí àgọ́ tó ti ṣófo. Ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí ọkọ̀ tó jókòó bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí kò wá bá yín. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, àlàfo yẹn tètè máa ń hàn láti ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, ọdún 2014, tí wọ́n ti àgọ́ Woolwich pa pẹ̀lú mẹ́sàn-án mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò gbà pé ó dáa nígbà náà, mi ò sì tíì yí ọkàn padà.

Odò Thames tún wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ọdún 2019, ilé kan tó ní bálíkónì onígi jó ní Barking Riverside, ogún ilé gbígbé ló run, ọkọ̀ 15 àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún panápaná ló lọ síbẹ̀. Òdìkejì omi ni, ọwọ́ lè nà án láti etí odò wa. Àmọ́ kò sí afárá níbí. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Woolwich, tàbí kẹ́ ẹ lọ gba ihò Blackwall, tàbí ti Silvertown tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, tàbí kẹ́ ẹ dé Dartford. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó gbọ́n kì í wo àwòrán ilẹ̀ kó sọ pé ibí ló sún mọ́ jù. Àsìkò tí mọ́tò máa fi dé ló ń kà, ó sì ń rántí Kent tó wà lẹ́yìn ẹnubodè. Nígbà tí ooru mú ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2022, tí ilé ń jó ní Wennington lápá Rainham, ìpè tó wọ ilé iṣẹ́ panápaná Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ yẹn ju 2,600 lọ, níbi tí nǹkan bí 350 ti máa ń wọlé lọ́jọ́ lásán. Wọ́n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò tíì wáyé látìgbà ogun Hitila. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé àjọ náà lè tán.

Omi yìí fúnra rẹ̀ ti pààyàn rí níwájú ilé wa, àwọn tó ń rìn ní etí odò ò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1878, ọkọ̀ akẹ́dùú kan tó ń jẹ́ Bywell Castle gbá ọkọ̀ afẹ́ Princess Alice ní Gallions Reach, nítòsí Tripcock Point, ó sì gé e sí méjì. Èèyàn bí 650 ló kú, nínú omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹ̀gbin ìlú sí láti Barking àti Crossness. Kò sí ọkọ̀ kankan tó wà nípamọ́ fún irú ìyẹn. Ó tó 1989, tí ọkọ̀ Marchioness tún pa èèyàn 51, kí wọ́n tó ronú débi tí RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lójú omi, fi gbé ọkọ̀ agbẹ̀mílà sí Thames ní 2002. Títí dòní, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú omi níwájú Thamesmead, ọ̀dọ̀ RNLI ní Gravesend tàbí Tower ni ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀, ọkọ̀ omi panápaná sì ń ti Lambeth bọ̀. Ẹ mọ ohun tí kò sí nítòsí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn tó fara pa. Ká ní àjà já lu àwọn èèyàn níbi ìṣọ́ òru, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì lápá Nathan Way. Àwọn tó lè rìn, ẹ kó wọn sápá kan. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń da lára rẹ̀, ẹ dè é lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń mí, ẹ fún kálukú ní àmì tirẹ̀, ẹ má dúró. Ibí ni èdè yín máa wúlò. Tí ẹ bá fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ pé “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó gbogbo àwọn tó lè rìn lọ sídìí ògiri yẹn,” ìyá ìjọ á ṣe é kíákíá ju ọlọ́pàá mẹ́wàá lọ.

Àmọ́ àwọn èèyàn wa kì í dúró. Ẹ máa rí i tí wọ́n á ti ki ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ sínú jíìpù, ó di ilé ìwòsàn Queen Elizabeth ní Woolwich. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù á ti kún fún àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé kí ambúláǹsì àkọ́kọ́ tó gbéra. Ẹni tí ìpalára rẹ̀ le jù, King's College ní Denmark Hill tàbí Royal London ní Whitechapel ni kó lọ, torí pé ilé ìwòsàn mẹ́rin péré ló wà fún irú ìpalára ńlá bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ pín wọn. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn lọ síbì kan, ẹ kàn gbé ìjàǹbá náà láti ojú títì wọ inú ilé ìwòsàn ni.

Èrò ìwòran náà ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Ní Iju-Ishaga nílùú Èkó, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já lulẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2012, tí gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, èrò kún òpópónà tóóró débi tí ọkọ̀ panápaná àti tánkà omi fi ń tiraka láti kọjá. Ọlọ́pàá ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè fún níbẹ̀, kí ọ̀nà lè ṣí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá. Ọ̀gá panápaná, ọ̀gá ambúláǹsì àti ọ̀gá ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ dúró síbì kan náà, kí ojú wọn rí ara wọn. JESIP, ètò tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ṣiṣẹ́ pọ̀, ti ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti 2012, síbẹ̀ ẹ wo Manchester. Bọ́ǹbù dún ní gbọ̀ngàn eré kan níbẹ̀ ní 22:31, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, èèyàn 22 kú. Àgọ́ panápaná kan wà nítòsí gbọ̀ngàn náà, àmọ́ wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ lọ pàdé níbòmíràn tó jìnnà sí i, torí pé ẹnì kan ń fura pé oníbọn ṣì wà ńlẹ̀ tí kò sì bá ọlọ́pàá pàdé kó bi í. Ní 00:37 ni ọkọ̀ panápaná tó débẹ̀. Ọkọ̀ wà, òṣìṣẹ́ wà, irinṣẹ́ wà. Àwọn ọ̀gá ni wọn ò dúró pọ̀.

Nígbà tí apá bá ti ká a, ọ̀gá á fi “stop” ránṣẹ́, ìyẹn ni pé ohun tó wà níbẹ̀ ti tó. Ẹ má yára rán an nítorí ìgbéraga, ẹ má sì fi í falẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn tó kọ́kọ́ wọ iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rọ́pò. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó tú ọkọ̀ kankan sílẹ̀, ẹ bi kọ́ńtróòlù pé àgọ́ wo ló ṣófo jù, kẹ́ ẹ sì dá ọkọ̀ ibẹ̀ padà ṣáájú. Ambúláǹsì tó bá já aláìsàn sí Denmark Hill, kó má dá padà wá fúnra rẹ̀. Kó pe kọ́ńtróòlù, ó lè jẹ́ pé Lewisham ni wọ́n ti ń wá a báyìí.