Aláìsàn Ló Ni Orin

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń gba kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju babaláwo lọ. Lónìí ó jẹ àmàlà, ó dápàárá. Lọ́túnla, òórùn ọbẹ̀ lásán ń lé e wọlé. Orin tó bá a lára mu lánàá lè máa sú u lónìí.

Ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, níbi tí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH wà láti 2019, ọ̀pọ̀ wákàtí lèèyàn lè fi jókòó ti dírípù: abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì, fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ lorin ti wúlò. Ní 2021, àwọn onímọ̀ àjọ Cochrane kó ìwádìí 81 jọ, wọ́n sì rí i pé orin lè dín àìbalẹ̀-ọkàn àwọn àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ kù. Wọn ò sọ pé orin ń wo jẹjẹrẹ o. Ẹni tó bá fi orin rọ́pò kẹ́mò ti ṣìnà.

Orin wo wá ni? Ohun tó wuni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìyá tó dàgbà sí Mushin fẹ́ gbọ́ fújì Sikiru Ayinde Barrister, ọmọ fárígá, ó ní àfi orin ìyìn. Kí ló dé? Barrister ti kú láti 2010, ṣùgbọ́n bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Nínú fújì yẹn ni ìgbà ọ̀dọ́ ìyá wà, àti ọkọ rẹ̀ tó ti lọ. Ẹ gbé e sórí mẹ́mórì káàdì fún un nílé, kó má baà máa wá dátà kiri. Bó bá sì ní òun ò fẹ́ ariwo, ẹ pa á. Ní tèmi, mi ò ní fi orin tó fẹ́ràn jù sí ọjọ́ tí èébì ń gbé e, kí orin náà má lọ di orin èébì.

Kẹ́mò tún máa ń mú iyè fò. Orúkọ ọmọ ẹni á sọnù lẹ́nu. Bí aláìsàn bá ń ka oògùn rẹ̀, tàbí tí dókítà ń sọ̀rọ̀, kí orin dákẹ́. Ẹ má ní dùndún lásán ni, kò lọ́rọ̀. Etí Yorùbá wo ló ń gbọ́ dùndún tí kì í túmọ̀ rẹ̀?

Àṣejù baba àṣetẹ́. Cisplatin, oògùn kẹ́mò tí wọ́n máa ń lò fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, lè ba etí jẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ń ké, ẹ má tìtorí ẹ̀ yí orin sókè. Bí etí aláìsàn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kó tó di ọjọ́ kẹ́mò tó kàn.