Ọ́síjìn nìkan kò tó: ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kí aláìsàn lè mí

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, orúkọ ìlú Ẹdẹ wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé. Ní ACEGID, ibùdó ìwádìí tó wà ní Redeemer's University níbí, ni wọ́n ti ka jíìnì kòkòrò kòrónà tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e wọ Nàìjíríà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Èmi tí mò ń ka ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, orí mi máa ń wú tí mo bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́: ẹni tí kò rí èémí mí, kì í ṣe jíìnì ló ń wá. Nọ́ọ̀sì ló ń wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí, torí sáyẹ́ǹsì kún inú ẹ̀ bámúbámú.

Ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń ṣí

Tí èèyàn bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, igbe wa ni pé "Ẹ fún un ní ọ́síjìn!" Ó dáa. Àmọ́ tí páìpù bá dí, bí ẹ so tánkì mẹ́wàá mọ́ ọn, omi ò ní jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èémí rí. Atẹ́gùn ń gba imú tàbí ẹnu, ó ń gba ọ̀fun, kó tó dé inú àwọn àpò wínníwínní tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ọ́síjìn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èébì tàbí ahọ́n bá dí ọ̀nà yẹn, ọ́síjìn ò ní ríbi gbà.

Ara ní ìgbálẹ̀ tiẹ̀. Àwọn irun tíntìntín wà lára ògiri ọ̀nà èémí tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ sókè, ikọ́ á wá gbé e jáde. Ikọ́ kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo, ṣé ẹ rí i? Àmọ́ ìrora kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ wúkọ́ dáadáa, ẹni tó dákú ò sì lè dáàbò bo ọ̀nà èémí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń wọlé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì

Àkọ́kọ́, wọ́n á gbé orí aláìsàn sókè. Tó bá sùn gbalaja, ikùn á máa ti iṣan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn sókè, àyè ẹ̀dọ̀fóró á dín kù. Tó bá jókòó díẹ̀, iṣan yẹn á sọ̀ kalẹ̀, àyà á ráyè fẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó mí kanlẹ̀, kó dá èémí dúró díẹ̀, kó wá wúkọ́. Ẹni tó ní ojú abẹ níkùn á gbá ìrọ̀rí mọ́ ọn, kí ìrora lè dín kù. Wọ́n á fún un lómi mu tí ojú rẹ̀ bá dá tí dókítà ò sì kà á léèwọ̀, torí omi ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣàn. Ẹni tí ò lè dìde, wọ́n á máa yí i padà, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ má bàa tòrò síbì kan.

Tí gbogbo èyí ò bá tó, ó kan ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn náà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì máa ń fún aláìsàn ní ọ́síjìn ṣáájú.

Ojú tó ń wò, ìka tó ń kà

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé èémí ò tó? Wọ́n ń kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, èémí ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá ti yá jù tó bá pé 50. Ti ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, 40. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ìsàlẹ̀ àyà ọmọ ń wọnú bó ṣe ń mí.

Lẹ́yìn èyí ni pulse oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà UCH Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Melbourne ní Ọsirélíà ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn 12 ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n kọ́kọ́ kó ẹ̀rọ ìka yìí wá, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn wá. Àbájáde tó jáde ní 2019 fi hàn pé wíwọn ọ́síjìn àwọn ọmọ déédéé ṣe pàtàkì gan-an nínú ìyípadà tó bá ìtọ́jú wọn. Ẹ ò lè fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ pé ó nílò ọ́síjìn ní ọ́síjìn.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà ní àléébù. Ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ó máa ń pàdánù àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Torí náà, ojú nọ́ọ̀sì ò ní fẹ̀yìn tì láé.

Ọ̀rọ̀ gìrì nílé wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù nìyí o. Tí gìrì bá mú ọmọ, ẹlòmíì á fi ṣíbí ya ẹnu ẹ̀, wọ́n á da àgbo tàbí àdàlù ìtọ̀ màlúù sí i. Ọmọ tí gìrì mú ò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn lè gbà lọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti yẹ ìtọ̀ màlúù yìí wò, tí wọ́n sì rí i pé ó ń pa èémí lára.

Ohun tó yẹ kò le: ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde, ẹ tú aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sẹ́nu ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù kíá.

Mo mọ̀ pé kì í rọrùn láti sọ èyí fún màmá àgbà. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè rí èémí mí." Àgbàlagbà tó fẹ́ràn ọmọ ọmọ ẹ̀ á gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp.